Ibi Tí Aró Kò Gbọdọ̀ Dé

Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá aláró rí ní Òṣogbo ti mọ ìdajì bí wọ́n ṣe ń fi aró tó ń tàn yẹ ẹran ara wò lábẹ́ máíkíróskóòpù. Ká gé ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ká tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ìyẹn kò le. Ibi tí wọn kò fẹ́ kí aró mú ni iṣẹ́ wà.

Nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń rì bọ ẹ̀kọ láfún, tí wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ funfun. Bó bá gbẹ, aṣọ á wọ ìkòkò aró. Ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní mu aró. Láàbù náà ní ẹ̀kọ tirẹ̀: pròtéènì tí wọ́n yọ nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù ni wọ́n sábà máa ń dà bo ẹran náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni antibody àkọ́kọ́, ìyẹn pròtéènì tí ara fi ń dá ohun àjèjì mọ̀, á wá ohun tí wọ́n ń wá rí, èkejì tó gbé aró dání á sì di àkọ́kọ́ mú. Bí wọ́n bá fo ẹ̀kọ yìí, àtèyí tó kàn wọ́n àtèyí tí kò kàn wọ́n ni yóò máa tàn yòò.

Àfiwé náà já síbì kan ṣá o. Ìyá aláró ló ń yan ibi tí ẹ̀kọ máa bọ́ sí. Ní láàbù, wọ́n dà á bo gbogbo rẹ̀ ni, antibody á sì tún rí tirẹ̀ mú, bíi kọ́kọ́rọ́ tó mọ àgádágodo rẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún. Èyí ló dùn mọ́ni jù. Àwọn aró mìíràn kò tiẹ̀ nílò antibody: DAPI máa ń lọ dì mọ́ DNA, ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, fúnra rẹ̀; phalloidin, oró inú olú kan tó ń pààyàn, máa ń di actin mú, ìyẹn okùn tó gbé sẹ́ẹ̀lì ró.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé iná gílóòbù máíkíróskóòpù ló ń ta padà sójú wọn. Rárá o. Ẹ wo ẹni tó wọ funfun lọ òde alẹ́ níbi tí wọ́n tan iná elésè àlùkò: aṣọ rẹ̀ á máa tàn ju iná náà lọ. Ohun tó kù lára aṣọ látinú ọṣẹ ìfọṣọ ló gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, tó tú u jáde ní èyí tí ojú rí. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, George Stokes, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1852. DAPI ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn tó bíi 358 nanometer, tí ojú kò rí, ó ń dá ti bíi 461 padà, aláwọ̀ búlúù. Dígí kan wà láàárín tó ń dárí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù sórí ẹran, tó sì ń jẹ́ kí ti aró nìkan kọjá sójú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn àwòrán fi dúdú kirikiri. Àtùpà ọ̀sán gangan, ta ló máa rí i?

Àléébù rẹ̀ ni pé aró náà ń ṣá bí iná bá pẹ́ lórí rẹ̀, àti pé ẹran mìíràn ń dá tàn fúnra rẹ̀, pàápàá ti arúgbó. Nítorí náà gíláàsì kejì gbọ́dọ̀ wà, èyí tí wọn kò fi antibody àkọ́kọ́ sí. Bí òun náà bá ń tàn, tí ẹran tí wọn kò kùn rárá sì dúdú, ẹ̀kọ ni kí wọ́n lọ tún pò.