Àwòrán inú ìwé ọmọdé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, màmá kan ní Kubwa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ìtàn tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọdé wá bá mi. Wọ́n fi bébà náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi ya àwòrán díẹ̀díẹ̀ sí i. Jímọ̀ ni mo fẹ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa tẹ̀ ẹ́. Ṣebí ọmọdé ló máa kà á?" Ọjọ́ Ajé la wà lọ́jọ́ náà.

N kò bínú sí wọn. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe gbà á nìyẹn: pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ló ni ìwé, pé àwòrán kàn wà níbẹ̀ kí ìwé lè dùn ún wò, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ pẹ́ńsùlù dì mú lè yà á parí láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì mọ ìwé kà. Bí ìyá rẹ̀ ti ń ka ọ̀rọ̀ sí i létí, àwòrán ni òun ń kà, ohun tí ọ̀rọ̀ kò sọ ló sì ń wá níbẹ̀.

Ẹ wo gbólóhùn kan nínú ìtàn màmá, tó ṣẹlẹ̀ ní Madalla: "Ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àgbà kò tíì dé." Kò sọ bí àárọ̀ náà ti rí. Nínú àwòrán mi, mo gbé ọmọ tó ń retí Ìyá Àgbà ka orí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹni tó rìn nínú eérú, ètè rẹ̀ ti là, ó fi ìborùn Ìyá Àgbà wérí. Ògì tó wà nínú kọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dì lójú. Lọ́ọ̀ọ́kán, eruku bo Àpáta Zuma débi pé bí òjìji ló rí. Ọmọ tó bá ń gbé lókè Ọya yóò mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé.

Ìwé àwòrán ọmọdé sábà máa ń jẹ́ ojú ewé 32, nítorí bébà ńlá kan ni wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n á ká di ojú ewé 16; irú rẹ̀ méjì di 32. Tí a bá yọ ojú ewé àkọlé àti ti orúkọ atẹ̀wé kúrò, nǹkan bí 28 ló kù fún ìtàn. Kí n tó ya ojú ẹnikẹ́ni, mo máa ń fa àpótí kékeré 32 sórí bébà kan, màá wá pín ìtàn sínú wọn. Ibi tí ọmọ yóò ti ṣí ewé ló máa ń gbà mí lákòókò jù. Tí Ìyá Àgbà bá máa yọ lójijì, ẹ̀yìn ewé ló gbọ́dọ̀ wà. Tí ọmọ bá ti ń rí wọn lápá ọ̀tún kó tó ṣí i, ìtàn ti tú nìyẹn.

Ibi tí èèyàn kọjú sí náà ní ìtumọ̀. Nínú ìwé Yorùbá, ẹni tó ń lọ síwájú máa ń kọjú sí ọ̀tún, torí ibẹ̀ la ń kàwé lọ. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ ilé kéwú nírọ̀lẹ́ mọ èkejì: ìwé Lárúbáwá ń ṣí láti ọ̀tún, nítorí náà òsì ni ẹni tó ń lọ síwájú ń wò.

Ojú ọmọdé sì mú. Nínú ìwé kan tí mo yà ṣáájú, mo fi ṣùkú sórí ọmọbìnrin kan ní ojú ewé 5, ó ti di kòlẹ́sẹ̀ ní ojú ewé 19. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan fi ìka kàn án: "Àǹtí, ta ló tún irun rẹ̀ dì?" Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ya èèyàn inú ìtàn láti iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, màá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ íńkì tún wà níbẹ̀. Àwọ̀ ara ọmọ wa tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà lè dúdú bí èédú lórí bébà tí ayàwòrán bá kó íńkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n fi ń tẹ ìwé aláwọ̀ jọ síbẹ̀. Imú àti ètè á rì, ojú nìkan ló máa kù. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo rí irú rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde.

Àwọn kan tún gbà pé ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ló ń ya àwòrán inú ìwé. Bruce Onobrakpeya, tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ló ya àwòrán sínú ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ní Amẹ́ríkà, láti 1938 ni wọ́n ti ń fúnni ní àmì ẹ̀yẹ Caldecott fún ìwé àwòrán ọmọdé, ayàwòrán ni wọ́n sì ń fún. Ní tiwa, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ọdún 2022 ka ẹni tó ya àwòrán sí ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ ka ìwé àdéhùn dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Mo bẹ màmá pé kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́rin. Nígbà tó di oṣù Kìíní, wọ́n wá wo èyí tí mo ti fi pẹ́ńsùlù yà. Wọ́n pẹ́ gan-an lórí ti àárọ̀ Madalla. Gbólóhùn tí wọ́n kọ tẹ̀ lé "Ìyá Àgbà kò tíì dé" ni "Ọyẹ́ mú gan-an, eruku sì bo gbogbo ìlú." Wọ́n ní kí n fún àwọn ní pẹ́ńsùlù mi, wọ́n sì fi ìlà pa gbólóhùn náà rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.