Bí Sátánì bá wù yín nínú ewì Milton

Bí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Paradise Lost, ewì gbọọrọ tí John Milton gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1667, ẹnìkan á rọra wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí Sátánì bá wù mí níbẹ̀?” Ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì déédéé ló sábà máa ń jẹ́.

Ọgbọ́n akéwì ló mú un. Inú adágún iná ni Milton ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, níbi tí Sátánì já bọ́ sí, tó ti ń gbìyànjú àtidìde, tó ń ké sí àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ta ló rí ẹni tó ṣubú tí kò ní fẹ́ mọ̀ bóyá yóò dìde? Ó di Ìwé Kẹta (“ìwé” ni wọ́n ń pe apá kọ̀ọ̀kan nínú ewì náà) kí Ọlọ́run tó lanu, àlàyé bíi ti agbẹjọ́rò ló sì ń ṣe. Ẹni tó ti mọ òpin ọ̀rọ̀ kò lè páyà, kò sì lè ṣiyèméjì.

Milton náà kì í ṣe àjèjì sí ọ̀tẹ̀. Ó kọ̀wé gbèjà àwọn tó bẹ́ orí Ọba Charles Kìíní lọ́dún 1649. Nígbà tí ọba mìíràn jẹ lọ́dún 1660, wọ́n ti Milton mọ́lé. Ojú rẹ̀ ti fọ́ nígbà yẹn. William Blake, akéwì Gẹ̀ẹ́sì kan tó wá lẹ́yìn rẹ̀, ní ẹgbẹ́ èṣù ni Milton wà láìmọ̀. (Èṣù inú Bíbélì o! Èṣù Láàlú tó ń gbé ẹbọ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.)

Èmi ò gbà fún Blake. Lójú tèmi, àwọn tó ka Ìwé Kìíní àti Ìkejì tán tí wọ́n pa ìwé dé ni ọ̀rọ̀ náà ń rú lójú. Ẹ máa kà á lọ. (Àtẹ̀jáde 1674, tó jẹ́ ìwé méjìlá, ni mo ń lò.) Ní Ìwé Kẹrin, Sátánì dá nìkan wà, kò sí ẹni tó fẹ́ tàn, ló bá jẹ́wọ́ pé ibi yòówù kóun sá gbà, òun fúnra òun ni ọ̀run àpáàdì. Ibẹ̀ ló wù mí jù nínú gbogbo ewì náà. Kò pẹ́ sígbà náà, ọ̀gágun àná ti lúgọ bí ọ̀pọ̀lọ́ sétí Éfà tó ń sùn. Ní Ìwé Kẹsàn-án, ó kó sínú ejò. Ní Ìkẹwàá, ó padà sílé wá ròyìn ìṣẹ́gun, ó sì dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìró ejò ló gbọ́. Ó fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ahọ́n tirẹ̀ náà ti là sí méjì.