Bí ọpọlọ ṣe ń gbọ́ ìlù tó ń sọ̀rọ̀

Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ń jó ní Kétu, ìyá ìlù á sọ gbólóhùn kan, ẹsẹ̀ oníjó á sì máa bá a wí i, tòun ti irin tó so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Wọn á jọ bẹ̀rẹ̀, wọn á jọ dákẹ́. Ṣé orin ni oníjó gbọ́ ni, àbí ọ̀rọ̀?

Inú etí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlù á mi afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á mi awọ etí, egungun kéékèèké mẹ́ta á sì gbé e dé ibi kan tó ká bí ìkarahun ìgbín, tí omi kún inú rẹ̀. Irun wínníwínní tò síbẹ̀: àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń gbọ́ ohùn òkè, àwọn tó wà ní kọ̀rọ̀ ń gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìró ti gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ.

Ní 1861, Paul Broca, dókítà ará Faransé, tọ́jú aláìsàn kan tí kò lè sọ ju “tan” lọ. Nígbà tó kú, wọ́n rí i pé iwájú ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì ti bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe wá ń sọ pé òsì ló ni ọ̀rọ̀ nìyẹn; nígbà tó yá, wọ́n ní ọ̀tún ló ni orin. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ọ̀tún mọ ohùn yà sọ́tọ̀ dáadáa, òsì sì ń tètè mú ìró tó ń sáré kọjá. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ ṣe sí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀? Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Wọ́n ti yẹ àwọn tó ń sọ èdè Thai àti èdè Ṣáínà wò, àwọn tí ohùn ń yí ọ̀rọ̀ wọn padà bíi tiwa: bí ohùn bá ti gbé ìtumọ̀, apá òsì á dá sí i.

Ìlù kò ní ahọ́n. Ohùn ọ̀rọ̀ àti ìrìn rẹ̀ nìkan ló ń gbé wá, ọpọlọ ẹni tó mọ oríkì tí ìlù ń kì ló ń fi ìyókù kún un. Ní 2021, olùwádìí kan, Cecilia Durojaye, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlù dùndún sétí àwọn èèyàn, kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti èyí tó jẹ́ orin. Ẹni tí etí rẹ̀ mọ dùndún ló mọ̀ ọ́n yà jù.

Ti ẹsẹ̀ ńkọ́? Apá ọpọlọ tó ń darí ara máa ń jí sí ìlù, kódà bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń retí ìró tó kàn kó tó dún, ìyẹn ni ẹsẹ̀ fi ń bá ìlù balẹ̀.

Àwọn kan tí rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn ṣì ń kọrin tòun ti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Láti 1973 ni wọ́n ti ń fi èyí ṣe ìtọ́jú: aláìsàn á máa fi orin sọ “fún mi lómi”, ọwọ́ òsì rẹ̀ á sì máa lu tábìlì.