Ìlera ẹsẹ̀ àti iṣẹ́ ṣíṣe

Ìlera ẹsẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ mọ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ṣe le sí, àti bí iye iṣẹ́ tó lè ṣe ṣe rọ̀ mọ́ ọn. Egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan, oríkèé 33 ló sì so wọ́n pọ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo egungun ara.

Ìdúró lójú kan le fún ẹsẹ̀ ju ìrìn lọ. Bí ènìyàn bá ń rìn, iṣan ẹ̀yìn ojúgun a máa fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè sọ́dọ̀ ọkàn. Bí nọ́ọ̀sì, olùkọ́, ẹ̀ṣọ́ tàbí oníbúrẹ́dì bá dúró látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀jẹ̀ a rọ́ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ a wú, òpó ẹ̀jẹ̀ a sì lè máa yọ lábẹ́ awọ. Gìgísẹ̀ dídùn náà wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn oorun ló máa ń ro wọ́n jù. Níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́, sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jó awọ ẹsẹ̀ alágbàṣe tó bá wọ inú kọnkéré pẹ̀lú sílípáàsì lásán, ó sì lè pẹ́ kó tó mọ̀ pé ara òun ti bó.

Ṣùgbọ́n nínú oko ni àdánù tí àrùn ẹsẹ̀ ń fà ti hàn kedere jù, sòbìà sì ni ilẹ̀ Yorùbá fi mọ̀ ọ́n. Àrùn náà pẹ́ láwùjọ débi tó fi wọ inú òwe: «Kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí.» Inú omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí kòkòrò tíntìntín ti kó ọmọ aràn mì ni ènìyàn ti ń kó o. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, abo aràn tí gígùn rẹ̀ lè tó mítà kan yóò lu awọ jáde, ní ẹsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú ìrora bí ẹni pé iná ń jó ibẹ̀. A kì í fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á máa wé e mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí bó bá já sínú, ojú egbò a kẹ̀.

Ní Ìbàràpá, níbi tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ láyé ìgbà tó ṣì wà níbẹ̀, nígbà tí omi ti fà, tí gbogbo ilé sì ń pọn nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kan náà. Ìgbà yẹn gan-an ni àgbẹ̀ yẹ kó máa ṣán oko de òjò. Bàbá, ìyá àti ọmọ lè dùbúlẹ̀ papọ̀, tí kò ní sí ẹni tí yóò di ọkọ́ mú fún wọn. Lọ́dún 1987, UNICEF ṣírò rẹ̀ pé àwọn onírẹsì ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà ń pàdánù nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún nítorí sòbìà.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tó ń pa aràn náà nínú ara. Aṣọ asẹ́ omi, kànga tó dára, oògùn tí wọ́n ń dà sínú ọ̀gọ̀dọ̀, àti ìkìlọ̀ pé kí ẹni tó ní egbò má wọ inú omi mímu ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Nàìjíríà tó ní ju 650,000 aláìsàn lọ ní nǹkan bí 1988 rí èyí tó kẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Enugu ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2013 pé orílẹ̀-èdè náà ti bọ́.

Ní Ẹtiópíà, irú jàbùtẹ̀ kan wà tí kì í ṣe ẹ̀fọn ló ń fà á. Podokoníósísì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ilẹ̀ pupa tó ti ara òkè ayọnáyèéfín wá ló ń mú: erùpẹ̀ wíwẹ́ a gba awọ ẹsẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ àwọn tí àjogúnbá ẹ̀jẹ̀ wọn gba àrùn náà láyè á sì máa wú. Ernest Price, oníṣẹ́ abẹ ará Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2006 láti Wolaita, ní gúúsù Ẹtiópíà, rí i pé ẹni tó ní àrùn náà ń pàdánù ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún. Èyí wúwo púpọ̀ fún ẹni tí apá rẹ̀ nìkan ń bọ́. Bàtà láti kékeré ni ìdènà rẹ̀. Fún ẹni tó ti mú, fífi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, òróró, báńdéèjì àti bàtà ni ìtọ́jú. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2018 láti àríwá Ẹtiópíà sì fi hàn pé ìtọ́jú yìí dín iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń gbóná, tí ibà ń dá aláìsàn dùbúlẹ̀, kù.