Fífi tẹ́tẹ́ sin oríire: kí ni Teela Brown jogún gan-an?

Àwọn tó ń ka ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ní Ìjẹ̀bú Òde àti Àgọ́ Ìwòyè kì í pẹ́ lórí òrùka ńlá tí ìwé Ringworld ti gba orúkọ rẹ̀. Òrùka tó yí oòrùn ká, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan máìlì, tí àwọn ẹ̀dá ń gbé inú rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ á rí i kà. Teela Brown ni wọ́n máa ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ẹni 20 ọdún ni, ayé kò ì tíì fi nǹkan kan dùn ún rí, wọ́n sì mú un wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbi tí ọmọ aráyé kankan kò dé rí, nítorí ohun kan ṣoṣo: wọ́n ní ó jogún oríire.

Larry Niven gbé ìwé náà jáde ní 1970, ó sì fi gba ẹ̀bùn Hugo àti Nebula. Bí oríire ṣe di ogún nínú rẹ̀ rèé. Ayé ti kún àkúnya, ìjọba sì ti fi òfin dé ọmọ bíbí. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ kọjá iye tí òfin là sílẹ̀ lè ta tẹ́tẹ́ lé e. Bó bá jẹ, ó gba ẹ̀tọ́ láti bí ọmọ sí i. Àwọn tó fọgbọ́n dá tẹ́tẹ́ yìí sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀ kì í ṣe èèyàn rárá. Puppeteers ni wọ́n, ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, olórí méjì, tí ojo ṣíṣe jẹ́ ọgbọ́n lójú wọn. Wọ́n ti wo bí ọmọ aráyé ṣe ń ṣẹ́gun àwọn Kzinti, jagunjagun onírun lára tí wọ́n dà bí ẹkùn, ogun lẹ́yìn ogun, wọ́n sì gbà pé oríire ló ń ti ọmọ aráyé lẹ́yìn. Wọ́n wá rò ó pé bí tẹ́tẹ́ bá ń pinnu ẹni tí wọ́n máa bí, olóríire ni yóò máa bí olóríire, títí oríire yóò fi wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìran mélòó kan ṣáájú Teela ló jẹ́ pé tẹ́tẹ́ ló ṣílẹ̀kùn ayé fún wọn, léraléra, títí ó fi kan òun náà.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gba èyí wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì kọjá sórí bóyá Teela gọ̀ àbí kò gọ̀. Èrò àwọn Puppeteers yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ dúró tì, torí pé àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ kò mọ sínú ìwé nìkan. Ojoojúmọ́ là ń rí i ní Ṣágámù.

Ẹ wo ìsọ̀ tẹ́tẹ́ tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní Baba Ìjẹ̀bú. Pákó ni wọ́n fi kan òmíràn, òmíràn kò ju agboòrùn àti tábìlì kan lọ. Èsì àná àti ti ìjẹta wà lára pákó, wọ́n ti fi báírò yí nọ́ńbà kan po, wọ́n fa ìlà láti ibẹ̀ lọ bá òmíràn, ẹnìkan sì ti kọ "bánkà", ìyẹn nọ́ńbà tó dá a lójú pé yóò jáde, sẹ́gbẹ̀ẹ́ 45. Akọ̀wé tẹ́tẹ́ á tẹ ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ìwé pélébé á yọ jáde. Nínú nọ́ńbà 90, márùn-ún ni wọ́n ń yọ. Ẹni tó ta tú ṣọ̀ mú nọ́ńbà méjì, ó ń retí pé kí méjèèjì wà nínú márùn-ún yẹn. Ọ̀nà 4,005 ni èèyàn lè gbà mú nọ́ńbà méjì nínú 90, mẹ́wàá péré nínú rẹ̀ ló sì máa ń jẹ. Nínú bí 400 èèyàn, ẹnìkan nìyẹn.

Ká ní 160,000 èèyàn, láti Ìjẹ̀bú Igbó títí dé Ìkẹ́nnẹ́, ta tú ṣọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan náà, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tó wù ú. Bí 400 ni yóò jẹ. Kí àwọn 400 yẹn tún ta lọ́jọ́ kejì, bí ẹnìkan ni yóò tún jẹ. Ẹni yẹn ti jẹ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, iwájú ilé rẹ̀ á ti kún. Wọ́n á ní ó mọ nọ́ńbà. Wọ́n á bi í ní àlá tó lá, wọ́n á bi í ní ohun tó jẹ kó tó sùn. Wọ́n á gbé ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin jókòó sórí àga pé kó fi ìka kan nọ́ńbà méjì lára ìwé, torí ẹ̀jẹ̀ baba rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà tí ọmọ náà bá kàn, àdúgbò á tà á, ìyá oníyán á tà á, ọlọ́kadà á yá owó tà á. Ọkùnrin yẹn kò ṣe èrú, kò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó jẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ta ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìdá kan nínú 400 náà ni tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé rẹ̀. Bí ọmọ náà bá dàgbà tó sì ta tirẹ̀, ìdá kan nínú 400 náà ni. Bí èèyàn tó ń ta bá ti pọ̀ tó, kò ní ṣàìsí ẹni tí yóò jẹ tẹ̀léra, ẹni tó bá sì bọ́ sí lọ́wọ́ la ó pè ní olóríire, lẹ́yìn tó ti jẹ tán.

Bí ti Teela náà ṣe rí nìyẹn. Ká ní nínú ọmọ mẹ́wàá, ọ̀kan ló wá nípasẹ̀ tẹ́tẹ́. Ká wá mú ìlà baba nìkan, ká tọ̀ ọ́ dé ìran márùn-ún sẹ́yìn. Nínú bílíọ̀nù kan èèyàn, a ó rí bí 10,000 tí gbogbo ìran márààrún wọn jẹ́ ọmọ tẹ́tẹ́, láìjẹ́ pé oríire kankan wà lára ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn Puppeteers wá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n rí wọn, wọ́n sì yọ̀ pé ọ̀sìn àwọn ti yọrí. Wíwá ni wọ́n wá a rí. Wọn kò sin ín.

Kì í ṣe pé sísin ẹ̀dá kì í yọrí. Ó ń yọrí, bí ohun tí wọ́n ń ṣà bá wà nínú ara ẹni tí wọ́n ṣà, tó jẹ́ òun gan-an ló mú kí wọ́n ṣà á, tó sì ń ràn mọ́ ọmọ. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ìbísí ń lò kò gùn: ẹ wo ìwọ̀n tí àwọn tí ẹ ṣà fi ju àwùjọ lọ, ẹ fi ìdá tó ń ràn látara òbí sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tí ẹ bá rí ni ìran tó kàn yóò fi ju ti òní lọ. Gíga ń ràn gan-an, nítorí náà ẹni tó bá ń ṣa àwọn tó ga ní ìran kọ̀ọ̀kan yóò rí ìyàtọ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìdá tó ń ràn bá jẹ́ òdo, ẹ ṣà á fún ẹgbẹ̀rún ìran, òdo ni yóò máa jẹ́. Nọ́ńbà tó bọ́ síta nínú tẹ́tẹ́ kò sí nínú ara ẹnikẹ́ni.

Inú ìwé kan náà ni ọ̀sìn tó bọ́gbọ́n mu wà, ó sì yani lẹ́nu pé àwọn tó ń jiyàn kì í sábà mẹ́nu bà á. Àwọn Puppeteers yìí kan náà ti ń sin àwọn Kzinti. Ogun ni wọ́n fi sin wọ́n. Kzin tó gbóná jù, tó ń kọ lu ọ̀tá kó tó ronú, ogun pa á. Èyí tó lè mú sùúrù ló padà wálé bímọ. Ogun lẹ́yìn ogun, àwọn onísùúrù ló kù nílẹ̀. Ìwà gbígbóná ń bẹ lára, ó lè ràn mọ́ ọmọ, òun náà ló sì ń fa ikú. Kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ bí kò ṣe ìkà tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀sìn méjèèjì síwájú ara wọn yóò rí i pé ti ogun lè dúró níwájú onímọ̀ èyíkéyìí, ti tẹ́tẹ́ kò lè dúró.

Ó dáa, ìtàn àròsọ ni. Nínú ayé tí Niven dá, agbára inú ọkàn wà, ẹlòmíràn lè fi ọkàn gbọ́ èrò ẹlòmíràn, ìwé náà sì ń fi oríire ṣe irú agbára bẹ́ẹ̀: ohun tó ń tẹ èèṣì sí apá kan. Ká gbà á bẹ́ẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń jiyàn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bí orí ẹ̀ bá dáa tó bẹ́ẹ̀, kí ló gbé e dé inú ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn lù?" Lóòótọ́ ni. Ohun ìjà tó ń ṣọ́ òrùka náà kọ lu ọkọ̀ wọn, wọ́n já lulẹ̀, wọn kò sì tètè rọ́nà padà. Èsì tí ẹ̀gbọ́n máa ń fọ̀ kò le: "Àbúrò, ọkọ̀ yẹn náà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ọkọ ẹ̀." Òótọ́ ni ìyẹn náà. Orí òrùka yẹn ni Teela ti pàdé ọkùnrin arìnrìn-àjò tí wọ́n ń pè ní Seeker, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì dúró sí nígbà tí àwọn yòókù ń lọ. Ẹ̀gbọ́n tún lè fi kún un pé àwọn olóríire yòókù tí Nessus, aṣojú Puppeteers, kọ́kọ́ wá, kò rí wọn bá sọ̀rọ̀. Ohun kan tàbí òmíràn ṣáà ń dí i lọ́nà, bí ẹni pé oríire wọn ló ń fà wọ́n sẹ́yìn kúrò nínú ewu. Teela nìkan ló rí mú. Àbúrò á ní èyí fi hàn pé oríire Teela kò tó ti wọn. Ẹ̀gbọ́n á ní ó fi hàn pé ó ju tiwọn lọ.

Ohun tó ń jẹ́ kí àríyànjiyàn yìí máa yí po ni pé àwọn méjèèjì gbà pé oríire Teela gbọ́dọ̀ ṣe Teela lóore. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ padà wo tẹ́tẹ́ yẹn. Kì í ṣe owó ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, kì í ṣe àlàáfíà, kì í ṣe ẹ̀mí gígùn. Ọmọ ni wọ́n ń jẹ. Ohun kan ṣoṣo tí tẹ́tẹ́ náà ń dán wò ní ìran kọ̀ọ̀kan ni bóyá ìlà ẹ̀jẹ̀ yìí rí ọ̀nà tẹ̀ síwájú. Bí oríire kankan bá ti inú rẹ̀ jáde, oríire kí ìran má parun ni. Ẹni tó gbé e lára lè sunkún, ó lè ṣubú, ó lè jìnnà sílé títí láé; bí ọmọ bá ti wà, oríire náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Lójú èyí, kò sí ohun tó ṣòro nínú ọkọ̀ tó já. Ilẹ̀ ayé tó há, tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ kí wọ́n tó bímọ, ni ìran Teela ti kúrò, ó bọ́ sí ilẹ̀ tó fẹ̀ ju ilẹ̀ ayé lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́ta.

Àwọn òǹkàwé tí wọ́n gbọ́ ìtàn Ifá dàgbà kì í fẹ́ gba ogún oríire yìí rárá, wọ́n sì ní ẹsẹ̀ láti fi dúró. Nínú ìtàn Àjàlá tó ń mọ orí, ọmọ Ògún, ọmọ Ìja àti ọmọ Ọ̀rúnmìlà jọ gbéra lọ yan orí. Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ló yan èyí tó dára. Ẹnikẹ́ni lè sáré sọ pé torí baba rẹ̀ ni. Torí baba rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí baba fún un: ó yà sílé baba, àwọn awo dá Ifá fún un, wọ́n ní kó rúbọ, ó sì gbé iyọ̀ àti owó dání lọ. Ìmọ̀ràn ló gbà nílé. Orí tó yàn wà lórí ilẹ̀ nílé Àjàlá pẹ̀lú ti gbogbo èèyàn, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ Ọ̀rúnmìlà. Ní Ìjẹ̀bú níbi tí ìdílé mẹ́rin ti ń jẹ Awùjalẹ̀ ní yípo, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé èèyàn lè jogún ìdílé tí wọ́n ti ń jọba, kó má sì jọba. Ìdí nìyí tí Teela fi ń ṣe wọ́n ní àánú ju bó ṣe ń ṣe òǹkàwé ibòmíràn lọ: wọ́n rí i bí ẹni tí wọ́n ti yan orí fún kó tó kúnlẹ̀.

Ẹ̀sùn pé ó gọ̀ kò tọ́ sí i. Louis Wu, ẹni 200 ọdún tó fẹ́ràn rẹ̀, ló fúnra rẹ̀ rí i pé ẹni tí nǹkan kò dùn rí kò lè ní ìṣọ́ra. Ìrora ló ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n Louis náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríire Teela túmọ̀ gbogbo nǹkan, títí kan ìfẹ́ tó mú ọmọbìnrin náà tẹ̀ lé e wọ ọkọ̀. Àléébù ńlá tó wà nínú ètò yìí nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá já, oríire ló já a. Bí kò bá já, oríire ló gbà á. Àlàyé tí kò sí ohun tó lè tako rẹ̀ kò tíì ṣàlàyé nǹkan kan, ó sì ń gba ìpinnu ẹni lọ́wọ́ ẹni. Teela wo Seeker, ó wo àwọn tó ń lọ, ó ní òun dúró. Bí èèyàn bá ṣe ń pinnu nìyẹn.

Ohun tí Niven kọ nípa òrùka fúnra rẹ̀ ṣeé ṣírò, àwọn òǹkàwé sì ṣírò rẹ̀. Ní 1971, níbi àpéjọ àgbáyé àwọn olólùfẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Boston, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì MIT ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì pé òrùka náà kò lè dúró lójú kan, yóò fì títí yóò fi kọ lu oòrùn. Wọ́n jàre. Ìwé kejì, The Ringworld Engineers, ni Niven fi dá wọn lóhùn, ó fi ẹ̀rọ tó ń tì í padà sáyè kún un. Kò sí ẹni tó lè pariwo bẹ́ẹ̀ nípa oríire Teela, torí kò sí ibi tí ìṣirò ti lè mú un.

Nínú ìwé kejì yẹn, Teela ti yí padà di Protector, ẹ̀dá tí gbogbo ara rẹ̀ ń fi ipá mú un dáàbò bo ìran tirẹ̀, ọwọ́ Louis Wu ló sì kú sí. Àwọn tó gbà pé oríire wà fún òun fúnra rẹ̀ sọ pé ó ti tán lára rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé kẹrin jáde ní 2004, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wembleth wà nínú rẹ̀, ọmọ tí Teela bí fún Seeker.