Fútsàl: ìbéèrè àwọn òbí l'Abẹ́òkúta lórí bọ́ọ̀lù kékeré

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn obìnrin Brazil na Portugal nínú àṣekágbá Ife Àgbáyé fútsàl àwọn obìnrin ní Philippines, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí FIFA ṣe. Ìròyìn yẹn bá àríyànjiyàn nílẹ̀ ní àdúgbò wa l'Abẹ́òkúta. Kóòṣì kan ti sọ fún àwọn òbí pé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àwọn ọmọ máa fi pápá sílẹ̀, wọ́n á lọ gbá bọ́ọ̀lù kékeré lórí sìmẹ́ńtì. Ọ̀pọ̀ òbí fárígá. Ìbéèrè tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni mò ń dáhùn níbí.

Kí ni fútsàl gan-an?

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, èèyàn 5 sí 5, aṣọ́lé wà lára wọn. Juan Carlos Ceriani, olùkọ́ eré ìdárayá, ló gbé e kalẹ̀ ní Montevideo, ní Uruguay, lọ́dún 1930.

Ṣé kì í ṣe mọ́ńkí-póòsì wa náà ni?

Ó jọ ọ́, àmọ́ òun kọ́. Nínú mọ́ńkí-póòsì, bọ́ọ̀lù tí ẹ bá rí lẹ ó gbá. Bọ́ọ̀lù fútsàl jẹ́ nọ́ńbà 4, ó wúwo tó gíráàmù 400 sí 440. Tó bá já bọ́ láti òkè mítà 2, kò gbọdọ̀ ta ju sẹ̀ǹtímítà 65 lọ. Kò sí ọ́fúsáìdì. Tí bọ́ọ̀lù bá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a padà, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4. Fáùlù tún ní iye: láti orí ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ní ìdajì eré, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù sí yín láìsí ẹni tó máa tò bí ògiri níwájú aṣọ́lé. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa gbá ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ máa kọ́ sùúrù.

Ilẹ̀ kékeré báyẹn, ṣé ó lè le tó bọ́ọ̀lù ńlá?

Ilẹ̀ kékeré yẹn gan-an ló mú kó le. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Pápá ńlá tó gùn ní mítà 105, tó fẹ̀ ní 68, èèyàn 22 ló wà lórí ẹ̀: nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 325 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti fútsàl jẹ́ mítà 40 sí 20, èèyàn 10: 80 péré ló kan ẹnì kan. Kò síbi tí ọmọ máa fara pamọ́ sí. Á sá jáde, á dúró lójijì, á yí padà, á tún sáré wá gbèjà. Aago sì máa ń dúró tí bọ́ọ̀lù bá ti jáde, nítorí náà ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n ń gbá, eré gidi ni gbogbo ẹ̀. Àwọn tó wọn bí ọkàn ṣe ń lù nínú ìdíje fútsàl rí i pé ó máa ń tó ìdá 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ibi tó lè lù dé. Òfin gbà kí wọ́n pààrọ̀ èèyàn iye ìgbà tó bá wù wọ́n, wọ́n sì nílò rẹ̀.

Kí lọmọ máa rí kọ́ níbẹ̀?

Ẹ wo alábàárù tó ru ìdì àdìrẹ ní Ìtòkú lọ́jọ́ ọjà. Kó tó dé ibi tí èrò ti há, ojú rẹ̀ ti rí àlàfo tó máa gbà kọjá. Ohun tí fútsàl ń kọ́ ọmọ nìyẹn. Á ti wo ọ̀tún, á ti wo òsì, kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí pé bọ́ọ̀lù náà kì í ta púpọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó fi ń fà á sẹ́yìn, tó fi ń yí i kúrò níwájú alátakò. Tó bá ti fún ẹnìkejì, á kúrò lójú kan. Ronaldinho àti Neymar gbá fútsàl lọ́mọdé ní Brazil. Max Kilman gbá a fún orílẹ̀-èdè England kó tó di agbábọ́ọ̀lù Premier League.

Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Fútsàl kò lè kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi orí gbá bọ́ọ̀lù tó ti òkè wá, tàbí bí wọ́n ṣe ń gbá a jìnnà láti apá kan pápá dé èkejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọjọ́ méjì tí kóòṣì yẹn dá. Ká ní ojoojúmọ́ ló sọ ni, mi ò ní gbà.

Ṣé ọmọbìnrin náà lè gbá a?

Bẹ́ẹ̀ ni. Morocco àti Tanzania ló ṣojú Áfíríkà ní Philippines.

Sìmẹ́ńtì yẹn ńkọ́? Ọmọ mi ò ní fara pa lẹ́sẹ̀?

Ẹ̀rù yín tọ́. Dídúró lójijì àti yíyí kíákíá máa ń yọ ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ bàtà tó ní eyín lábẹ́. Rọ́bà pẹlẹbẹ ni kó wọ̀. Kí wọ́n gbá iyanrìn kúrò nílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí iyanrìn lórí sìmẹ́ńtì ń yọ̀. Kí wọ́n nara dáadáa. Kí wọ́n ṣe é láàárọ̀ tàbí nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni irin góòlù tí wọn kò dè mọ́lẹ̀: ọmọ á so rọ̀ mọ́ ọn, irin náà á wó lù ú, ó sì lè pa á. Ẹ fi ọwọ́ ara yín mì ín wò kí ẹ tó fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Tí a kò bá lè ra bọ́ọ̀lù fútsàl?

Ẹ tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú nọ́ńbà 4 tí ẹ ní. Kò ní rí bákan náà, àmọ́ kò ní máa ta púpọ̀ mọ́.

Ẹnì kan ní òun lè mú ọmọ mi lọ Brazil torí fútsàl. Ṣé kí n sanwó?

Rárá. Òfin FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi nínú àwọn ipò díẹ̀ tí òfin náà fúnra rẹ̀ kà sílẹ̀. Ẹ má fún ẹni náà ní kọ́bọ̀, ẹ má sì fi páàsìpọ́ọ̀tù ọmọ lé e lọ́wọ́.