Ipò Òkú: Níbo Ni Ìgbàgbọ́ Àwọn Kristẹni Ti Ṣẹ̀ Wá?

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ Kristẹni léèrè ibi tí olódodo ń lọ lọ́jọ́ tó kú, òkè ni wọn yóò nawọ́ sí. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ìgbà ìjímìjí gbà pé ipò òkú ni òkú ti ń dúró de àjíǹde, ọwọ́ àwọn Hébérù ni wọ́n sì ti gba ìgbàgbọ́ yìí.

Ṣìọ́ọ̀lù ni àwọn Hébérù ń pe ibẹ̀. Olódodo ń lọ síbẹ̀, ìkà náà ń lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀wù Jósẹ́fù tí wọ́n rì bọ ẹ̀jẹ̀ wá bá Jákọ́bù, ó ní inú ọ̀fọ̀ ni òun yóò wà títí òun yóò fi sọ̀kalẹ̀ tọ ọmọ òun lọ níbẹ̀. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí orin. Ìwé Oníwàásù ní kò sí iṣẹ́, kò sí ìmọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan so orúkọ náà mọ́ ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí "bèèrè", àlàyé yìí sì wọ̀ mí lọ́kàn, torí ìwé Òwe ka Ṣìọ́ọ̀lù mọ́ àwọn ohun tí kì í sọ pé, "Ó tó." Bíbélì Yorùbá pè é ní isà òkú níbì kan, ipò òkú níbòmíràn. Ipò òkú ló dára jù létí mi: ihò lásán ni isà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ipò kan ṣì lè kúrò níbẹ̀.

Èrò yìí fúnra rẹ̀ ńkọ́, níbo ló ti wá? Mo gbà pé inú ibojì ìdílé ni. Ní Júdà àtijọ́, wọ́n ń gbẹ́ ibojì sínú àpáta, pẹ̀lú pèpéle òkúta tí wọ́n ń tẹ́ òkú sí. Bí òkú tuntun bá dé, wọ́n á kó egungun ti tẹ́lẹ̀ sínú kòtò tí egungun àwọn baba rẹ̀ wà. Ẹni tó bá mọ èyí, ohun tí Ìwé Mímọ́ ń wí yóò yé e nígbà tó bá ní a kó ẹnì kan jọ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Bóyá bí ìran ti ń tẹ̀lé ìran ni ibojì ìdílé ń fẹ̀ sí i lọ́kàn wọn, títí ó fi gba gbogbo ayé.

Inúnibíni ló mú ìrètí àjíǹde gbóná. Ní 167 ṣáájú ìbí Kristi, Antiochus Kẹrin, ọba Gíríìkì tó ń jọba lórí àwọn Júù, ba tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù jẹ́, ó sì ń pa àwọn tó di òfin Mósè mú. Ṣé àwọn yìí àti ẹni tó pa wọ́n yóò wá jọ sùn ní Ṣìọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ títí láé? Ìwé Dáníẹ́lì dáhùn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sùn nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ yóò jí. Àwọn kan ní ọwọ́ àwọn ará Páṣíà ni a ti yá àjíǹde. Mi ò rí ìdí tí a fi ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ajẹ́rìíkú wà nílẹ̀. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì, torí pé àwọn tó túmọ̀ Ìwé Mímọ́ Hébérù sí Gíríìkì ní Alexandria fi Hédíìsì, orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe ibùgbé òkú, rọ́pò Ṣìọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n yá. Plato ní ọkàn kì í kú. Dáníẹ́lì ní òkú yóò jí.

Gẹ̀hẹ́nà, tí Bíbélì wa pè ní ọ̀run àpáàdì, ọ̀tọ̀ ni. Àfonífojì Hínómù lẹ́yìn odi Jerúsálẹ́mù ni, níbi tí wọ́n ti ń sun ọmọ fún òrìṣà Mólékì kí Jòsáyà ọba tó sọ ibẹ̀ di àìmọ́. Àwọn oníwàásù máa ń sọ pé ààtàn tí iná rẹ̀ kì í kú ni, ṣùgbọ́n inú ìwé Rábì David Kimhi ni ìtàn yẹn ti kọ́kọ́ hàn, ní nǹkan bí ọdún 1200 lẹ́yìn ìbí Kristi. Ó ti pẹ́ jù.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, Justin, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé Kristẹni ìjímìjí, kọ̀wé pé àwọn tó sẹ́ àjíǹde, tí wọ́n ní ọkàn ń lọ sọ́run lọ́gán tí wọ́n bá kú, kí a má kà wọ́n sí Kristẹni. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ràn jù ni Aphrahat, òǹkọ̀wé Kristẹni tó ń gbé lábẹ́ ọba Páṣíà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin. Ó ní òkú dà bí ẹrú méjì tó sùn mọ́jú. Èyí tí ọ̀gá rẹ̀ ń pèsè ẹgba dè kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Èyí tí ọ̀gá rẹ̀ ṣèlérí ẹ̀bùn fún ń retí òwúrọ̀ tayọ̀tayọ̀. Ephrem ará Nísíbísì, tó kú ní 373, kọ orin tí Ikú àti Sátánì ti ń bá ara wọn jiyàn. Èdè Síríákì ni àwọn méjèèjì fi kọ̀wé, èyí tó jẹ́ ẹ̀ka èdè Árámáíkì tí Jésù sọ, Ṣìọ́ọ̀lù gan-an ló sì wà lẹ́nu wọn. Ta ló tún sún mọ́ orísun jù wọ́n lọ? Kódà àwọn Kristẹni tó ń sọ Gíríìkì pe itẹ́ òkú wọn ní koimeterion, ibi ìsùn.

Nígbà tó yá, ìjọ ìwọ̀-oòrùn, tí póòpù ń darí, yí ọ̀rọ̀ padà. Ìpàdé àwọn olórí ìjọ ní Lyon ní 1274 àti ti Florence ní 1439 fìdí ẹ̀kọ́ ìwẹ̀nùmọ́ ọkàn lẹ́yìn ikú múlẹ̀. Ní 1331, Póòpù John Kejìlélógún wàásù pé ọkàn olódodo kò tíì rí ojú Ọlọ́run títí di ọjọ́ ìdájọ́. Ariwo ta, ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ kó tó kú, ẹni tó jẹ tẹ̀lé e sì pàṣẹ òdìkejì ní 1336. Nígbà tó yá, Luther, aṣáájú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ẹ̀kọ́ ìwẹ̀nùmọ́ náà sílẹ̀.

Ìjọ ìlà-oòrùn kò gbàgbé ipò òkú. Lára ògiri ìjọ Chora ní Constantinople, tí a ń pè ní Istanbul lónìí, wọ́n ya Kristi ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Ó dúró láàárín ibojì méjì, ó di Ádámù àti Éfà mú ní ọrùn ọwọ́, ó ń fà wọ́n jáde. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ipò òkú fọ́n káàkiri ilẹ̀.